Sàárà Ewùrà ní Bertrams

“Páì yẹn ò ní jáde nínú ilé yìí! Mo ní kò ní jáde, Rẹ̀mílẹ́kún! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sun wá mọ́lé ni?”

Ohùn Túbọ̀sún lu páànù òrùlé, ó gba ojú fèrèsé tó fọ́ jáde sí àgbàlá, ajá ilé kejì sì dá a lóhùn. Rẹ̀mílẹ́kún, ìyàwó rẹ̀, kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ófùnù, ọwọ́ òsì lórí ikùn, ọwọ́ ọ̀tún ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan gún àárín páì wò. Ìgbálẹ̀ jáde, kò mú nǹkan kan bọ̀. Páì ti jinná.

“Ẹ ti pariwo tán?” ó ní. “Bọ̀dá Túbọ̀sún, ọ̀gá yín á máa bú yín nídìí fíríìjì tẹ́ ẹ̀ ń tún ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ ò ní lè wúkọ́. Ẹ bá délé, ẹ di kìnnìún. Ẹ yà lọ́nà o, agbada yìí gbóná.”

“Ọ̀rọ̀ ikú ni mò ń sọ, ìwọ ń sọ ti kìnnìún.”

“Ọ̀rọ̀ ikú lèmi náà ń sọ. Ikú tí ò tíì dé lẹ̀yin ń bẹ̀rù. Èyí tó ti wá lẹ́ẹ̀mejì lèmi ń bẹ̀rù.”

Túbọ̀sún yà lọ́nà fún un. Òótọ́ ló sọ. Oyún méjì ló ti wálẹ̀ lára Rẹ̀mílẹ́kún nínú ilé yìí kan náà, ní Bertrams, láàárín ọdún méjì tí wọ́n dé Johannesburg. Kò sí ibà, kò sí ìṣubú. Méjèèjì dúró títí oṣù kẹfà fi pé, bí oṣù keje bá ti fẹ́ kan ilẹ̀kùn, wọ́n á bọ́. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọ́n gbọnrí. Ẹ̀kẹta ló wà níkùn yìí. Ọ̀la, ọjọ́ Àìkú, ni oṣù keje rẹ̀ yóò wọlé.

Ìdí rèé tí Wòlíì Akíntúndé fi ríran sí i. Ìjọ Aládùúrà wọn kò tóbi. Yàrá kan ni wọ́n háyà ní Doornfontein, lókè ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ òṣìṣẹ́. Èèyàn bí ogún, bàtà níta, sùtánà funfun nínú ilé. Láàárín àdúrà Ọjọ́rú ni Wòlíì dìde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní òun rí ọmọ kan tí wọ́n fi aṣọ elésè àlùkò wé, tó ń sunkún lóde, tí kò rọ́nà wọlé.

“Sàárà ni kó o ṣe, arábìnrin. Oúnjẹ elésè àlùkò, èyí tó hù nínú ilẹ̀ baba rẹ. Ọwọ́ ara rẹ ni kó o fi sè é. Ọmọ wẹ́wẹ́ méje ni kó jẹ ẹ́, ní àdúgbò tó gbé oyún méjì mì, kí oòrùn ọjọ́ Sátidé tó wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ín kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ìwọ o, ọkọ rẹ o, kò gbọdọ̀ kan ahọ́n yín. Ẹni tó bá jẹ sàárà ara rẹ̀, ọmọ ara rẹ̀ ló jẹ.”

Ẹni tó mọ Rẹ̀mílẹ́kún tẹ́lẹ̀ yóò sọ pé ẹnu wòlíì kì í ṣe ohun tó ń dẹ́rù bà á. Nígbà tó wà ní Mushin, tó ń yan míìtì páì fún iléèwé mẹ́ta, wòlíì kan ya ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní òun rí àjẹ́ nínú ófùnù rẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún da omi ìfọwọ́ lé e lórí, ó ní kó bá òun kí àjẹ́ náà, kó sọ fún un pé owó iná ti dé. Bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà yẹn. Àmọ́ obìnrin tó bá ti sin ọmọ tí ò lórúkọ lẹ́ẹ̀mejì, etí rẹ̀ a máa rọ̀.

Ewùrà nìkan ló bọ́ sí i lọ́kàn. Islamiyat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta léèsì ní Jeppestown, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìjẹ̀bú dé, ó sì wé ewùrà méjì sáàárín léèsì nínú àpótí. Kì í ṣe ewùrà funfun o. Èyí tí wọ́n bá là á, tí inú rẹ̀ á dúdú, á tún pọ́n, bí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì. Tèèpotèèpo ni Rẹ̀mílẹ́kún sè é kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ṣí. Ó bó o, ó fi ìdí ìgò gún un kúnná. Ewùrà lómi lára ju iṣu lọ, ẹni tó bá kù gìrì dà á sínú páì, ìsàlẹ̀ páì á di ẹ̀kọ. Ó dá a padà sórí iná, ó ń rò ó, ó ń rò ó, títí omi fi gbẹ, tí ewùrà bẹ̀rẹ̀ sí ká ara rẹ̀ kúrò lára ìkòkò. Ó wá po mílíìkì inú agolo mọ́ ọn, ẹyin, bọ́tà, ṣúgà. Ó ti kọ́kọ́ yan ìyẹ̀fun ìsàlẹ̀ lásán kí ó lè le. Páì kéékèèké méje, ó fi ẹnu fọ́ọ̀kì tẹ etí wọn yíká.

Ìgbà tó ń rò ó, ìka rẹ̀ ń wọ́ lọ sẹ́nu fúnra rẹ̀. Ọwọ́ alásè ni, ó ti mọ́ ọn lára. Lẹ́ẹ̀mẹta ló fi ọwọ́ kejì gbá a padà. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń dúró nídìí iná, kò tíì se ohun tí kò mọ adùn rẹ̀ rí.

Àṣìṣe kan ló ṣe, kò sì mọ̀ pé àṣìṣe ni. Omi tó fi se ewùrà, ó gbé e jáde ní àárọ̀, ó dà á sí gọ́tà iwájú ilé, bó ṣe máa ń dà á ní Mushin. Omi náà ṣàn lọ, ó ń hó, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi ẹ̀jẹ̀, ó kọjá ilé mẹ́ta kó tó dúró. Àwọn èèyàn jáde, wọ́n wò ó. Wọ́n wo ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n padà wọlé.

“Gbogbo wọn ló rí omi yẹn,” Túbọ̀sún tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀ báyìí, èyí sì burú ju ariwo lọ. “Rẹ̀mí, fetí sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí wọ́n ti ń wá ọmọbìnrin tó sọnù yẹn, Bongiwe. Àwòrán rẹ̀ wà lára òpó níbi róbọ́ọ̀tì, iná tó ń dá mọ́tò dúró yẹn, o sì ń gbabẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Lánàá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, mo wọlé, wọ́n dákẹ́. Ṣé o mọ ohun tó túmọ̀ sí, kí èèyàn wọlé kí gbogbo ilé dákẹ́?”

“Ó túmọ̀ sí pé ẹ ò wẹ̀.”

Kò rẹ́rìn-ín. “Gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Fún àwọn ọmọ ìjọ.”

“Ọmọ ìjọ mélòó? Mẹ́ta ni wọ́n. Ọ̀kan ṣì ń mu ọmú, ṣé kí n lọ páì fún un ni? Àti pé Doornfontein kọ́ ló gbé ọmọ mi mì.”

“Ó kéré tán, bọ́ sùtánà yẹn.”

“Ta lẹ ti rí tó wọ jíínsì ṣe sàárà?” Ó ti to páì méjèèje sórí àwo pẹrẹsẹ, ó fi aṣọ funfun bò wọ́n. “Ẹ jókòó, Bọ̀dá Túbọ̀sún. Ẹ bá mi di ògiri mú kó má wó. Bí mo bá padà dé, a ó jọ sun oorun tó dùn.”

Ó fi ẹsẹ̀ lásán jáde.

Oṣù Júùnù ni, ìgbà òtútù wọn, atẹ́gùn Johannesburg ń gé etí bí abẹ. Èéfín èédú ti dúró lókè àwọn ilé. Oòrùn ti sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn pápá ìṣeré Ellis Park, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò sì ju ìbú aṣọ ìnura lọ mọ́ lójú títì. Rẹ̀mílẹ́kún gbé àwo sórí àpótí ìjókòó lẹ́nu géètì, ó tan àbẹ́là kan tì í, ó gbé agogo ọwọ́ sókè, ó mì ín lẹ́ẹ̀mẹta.

Nílé, agogo sàárà kì í dún lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ á ti ya dé bí eṣú, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ọwọ́ olóore mọ́ oúnjẹ, wọ́n á ṣe àmín, wọ́n á nu ẹnu sí apá aṣọ. Ìyá kankan kò ní béèrè ẹni tó fún wọn. Sàárà ni, ó ti tán.

Níbí, bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ ń gbá dúró. Wọ́n dúró tì í, bí mẹ́jọ, wọ́n ń wo obìnrin aláṣọ funfun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lásán nínú òtútù. Aṣọ fèrèsé kan mì. Ọwọ́ kan jáde láti ẹnu ọ̀nà, ó fa ọmọ kan wọlé, kọ́kọ́rọ́ sì dún.

“Ẹ wá!” Rẹ̀mílẹ́kún ké ní èdè Zulu díẹ̀ tó gbọ́. “Ẹ wá, ẹ̀yin ọmọ! Ọ̀fẹ́ ni! Kò sí owó!”

Ní àdúgbò tí ọmọ ti sọnù, kò sí ọ̀rọ̀ tó burú tó ọ̀fẹ́. Ọmọ méjì sá. Ìyókù sún sẹ́yìn.

Ó wo òkè. Ìmọ́lẹ̀ ti kúrò lójú títì, ó ti ń gun ara ògiri. Ọmọ inú rẹ̀ yí. Ó fi ọwọ́ kàn án níbẹ̀, ó ní, “Dúró ná. Wọ́n ń bọ̀.”

Ọmọbìnrin kan ló wá. Kò lè ju ọdún méje lọ, ó wọ súwẹ́tà ilé-ìwé tí apá rẹ̀ ti ya. Ó ṣí aṣọ funfun fúnra rẹ̀, ó wo páì, ó wo Rẹ̀mílẹ́kún, ó mú ọ̀kan, ó gé e jẹ.

“Ó dùn, Àńtí,” ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀, ahọ́n rẹ̀, ètè rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti di elésè àlùkò.

*Ọ̀kan*, Rẹ̀mílẹ́kún kà á nínú ọkàn rẹ̀. Omi lé sí i lójú. *Ó ku mẹ́fà.*

“Nomvula!”

Ìyá ọmọ náà ló ké. Ó sáré gba ojú títì kọjá, ó di ọmọ rẹ̀ lágbárí mú, ó la ẹnu rẹ̀, ó rí ohun tó wà níbẹ̀. Igbe tó ké kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ó ti ìka bọ ọmọ lọ́fun, ọmọ náà sì bì, ó bì pípọ́n sójú títì, lẹ́bàá ẹsẹ̀ Rẹ̀mílẹ́kún.

Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí ṣí. Wọn ò sáré o. Ìbá sàn kí wọ́n sáré. Wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, obìnrin tó so aṣọ mọ́dìí, ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n dúró yí géètì ká, wọ́n ń wo ilẹ̀, wọ́n ń wo páì. Níbi róbọ́ọ̀tì, àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó jókòó lórí bíríìkì dìde, wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n sì ń rìn bọ̀.

Ìyá àgbà kan la àárín èrò kọjá. Gógó Mthembu ni, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn. Òun ló fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ Rẹ̀mílẹ́kún nígbà tí oyún kejì bọ́, òun ló fi omi gbígbóná jó o níkùn. Màkótì ló máa ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ìyàwó ilé. Èrò yàgò fún un.

“Màkótì, kí nìyí?” ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè.

“Páì ni, Gógó. Iṣu ilé wa ni mo fi ṣe é. Bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, mi ò fi nǹkan kan sí i.”

“Kí ló dé tó o fi ń fún ọmọ ọlọ́mọ?”

Rẹ̀mílẹ́kún kì í purọ́. Ìwà tó fi ń yangàn jù lọ nìyẹn. “Sàárà ni, Gógó. Àṣà wa ni. Bí àwọn ọmọ bá jẹ ẹ́, ọmọ inú mi á yè.”

Gógó yí i sí Zulu fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Bó ti ń sọ ọ́ ni Rẹ̀mílẹ́kún ń rí i lójú wọn, pé ohun tó ti ẹnu òun jáde kọ́ ló ń dé etí wọn. Ọkùnrin kan gbé orí sókè lẹ́yìn.

“Ta ló wá máa kú?” ó ní.

Ìkùnsínú ta lára èrò bí iná ọyẹ́. Gógó na ọwọ́ sókè. “Ẹ dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Màkótì, gé e jẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré, lójú gbogbo wọn. Bó o bá ti jẹ, èmi náà á jẹ, ọmọ-ọmọ mi á jẹ, gbogbo wa á lọ sílé.”

Ó mú páì kan, ó nà án sí i. Ó wà níbẹ̀, lórí àtẹ́lẹwọ́ àgbà, ó ṣì ń gbóná, òórùn bọ́tà rẹ̀ ń ta sánsán.

“Mi ò lè jẹ ẹ́, Gógó.”

“Kí ló dé?”

“Bí mo bá jẹ ẹ́, ọmọ mi á kú.”

Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó gbọ́ ọ. Gógó rọra dá páì padà sínú àwo, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni pé nǹkan lẹ̀ mọ́ ọn.

“Gógó, ẹ̀yin náà!” Inú ti ń bí Rẹ̀mílẹ́kún báyìí, ẹnu rẹ̀ sì ṣáájú rẹ̀ lọ bó ṣe máa ń ṣe. “Ẹ ti jẹ míìtì páì mi rí! Kérésì tó kọjá, mẹ́ta lẹ jẹ, ẹ tún di kan lọ! Ìgbà wo ni mo di apani?”

“Mo jẹ ẹ́ nítorí ìwọ náà jẹ nínú rẹ̀, ọmọ mi,” Gógó dáhùn. Ó ń bẹ̀ ẹ́ ni. “Gé e jẹ. Jọ̀ọ́. Mi ò ní lè dá wọn dúró pẹ́.”

Ohùn kan béèrè láti ẹ̀yìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń béèrè aago tó lù:

“Níbo ni Bongiwe wà?”

Ẹlòmíràn tún un béèrè. Ẹlòmíràn tún un béèrè. Òkúta kan ba géètì, ó dún gbangan. Àbẹ́là kú.

Rẹ̀mílẹ́kún kò kúrò lójú kan. Ó gbójú sókè. Ìmọ́lẹ̀ kù bí ìka mẹ́rin lórí ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú wá ọmọ láàárín ẹsẹ̀ àwọn àgbà, ọmọ mẹ́fà, ọmọ mẹ́fà péré.

“Ẹ dúró! Ẹ dúró!”

Túbọ̀sún ló jáde, ọwọ́ méjèèjì lókè, kò wọ bàtà. Ó wọ àárín ìyàwó rẹ̀ àti èrò. “Èmi lọkọ rẹ̀. Èmi á jẹ ẹ́. Ẹ máa wò mí. Màá jẹ gbogbo rẹ̀ tán.”

Èrò náà mí kanlẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún gbọ́ mímí yẹn. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin fi ọ̀pá wọn tilẹ̀.

“Ó dára,” ni Gógó wí. “Ọkọ á jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọkọ jẹ ẹ́.”

Túbọ̀sún mú páì.

“Ẹ má jẹ ẹ́,” Rẹ̀mílẹ́kún wí ní Yorùbá, láìla eyín.

“Rẹ̀mí, páì ni. Iṣu àti ìyẹ̀fun ni. Iwájú mi lo ti pò ó.”

“Ọmọ kẹta ni, Bọ̀dá Túbọ̀sún. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe mí bó bá ṣe wù wọ́n.”

“Bí wọ́n bá ṣe ọ́, ta ló máa bí i?”

Ọmọ inú rẹ̀ tún yí, ó fi ẹsẹ̀ ta á nífun, líle, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Túbọ̀sún kọjú sí èrò kí wọ́n lè rí i dáadáa. Ó la ẹnu. Etí páì kan ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹ̀fun díẹ̀ sì jábọ́ sórí irùngbọ̀n rẹ̀.

Ọwọ́ Rẹ̀mílẹ́kún ti gbéra. Ó gbé e láti èjìká, pẹ̀lú gbogbo agbára tó fi ń po ìyẹ̀fun, ó sì gbá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, tòun ti páì, gbàù, lójú gbogbo wọn.